Icon Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Snap-on: Ṣé Irinṣẹ́ Olówó Gíga ti Ilé Ìtajà Ẹ̀dínwó Tó Owó Rẹ̀?

Ẹni tí ó bá wọ ilé ìtajà Harbor Freight ní Amẹ́ríkà láti ra rátíṣẹ́ẹ̀tì (ratchet, ìdìmú tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì láìyọ ọ́ kúrò lórí rẹ̀) kan ṣoṣo yóò bá oríṣi mẹ́ta níbẹ̀. Pittsburgh ni owó rẹ̀ kéré jù, Quinn wà láàárín, Icon sì wà lókè pátápátá pẹ̀lú pátákó tí ó ń sọ fún oníbàárà pé kí ó fi owó rẹ̀ wé ti Snap-on, irinṣẹ́ olówó ńlá tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa. Ilé ìtajà kan náà ni ó ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọdún 1977 tí Eric Smidt àti bàbá rẹ̀ ti dá a sílẹ̀ ní North Hollywood, nígbà tí wọ́n ń ta ọjà nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀dínwó àti kúpọ́ọ̀nù ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́, kì í ṣe irinṣẹ́ olówó ńlá. Nígbà tí irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ bá wá sọ pé òun ní ohun tí a lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Snap-on, ó tọ́ kí ẹni tí yóò náwó béèrè ohun tí ó wà nínú irin náà gan-an.

Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn fún gbogbo ọjà náà. Icon tó owó rẹ̀ lórí irinṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ tí ń yí nínú, àti lórí èyí tí ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá orí nọ́ọ̀tì mu gẹ́lẹ́. Lórí irinṣẹ́ tí ó jẹ́ irin gbọọrọ lásán, owó tí a fi kún un kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ohunkóhun, Quinn tàbí Pittsburgh pàápàá yóò sì ṣe iṣẹ́ náà. Ní ti Snap-on, irin rẹ̀ dára, kò sí àríyànjiyàn lórí èyí, ṣùgbọ́n apá púpọ̀ nínú owó rẹ̀ ni kì í ṣe ti irin.

Ohun tí ó wà nínú owó Snap-on

Ní ọdún 1920 ni Joseph Johnson bẹ̀rẹ̀ Snap-on ní Milwaukee. Dípò kí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan (irin róbótó tí ń wọ orí nọ́ọ̀tì) ní ìdìmú tirẹ̀ tí a kò lè yọ, ó ṣe ìdìmú 5 tí sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 lè wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí mẹkáníìkì lè ṣe iṣẹ́ irinṣẹ́ 50 láìra 50. Kenosha ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni olú ilé-iṣẹ́ náà wà báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í lọ sí ìsọ̀ kankan kí wọ́n tó rí ọjà rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan tí inú rẹ̀ kún fún irinṣẹ́ ni ó ń wá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà jẹ́ oníṣòwò fúnra rẹ̀: òun ni ó ra ọjà sílẹ̀, òun ni ó ń gba èyí tí ó kán tí ó sì ń pàrọ̀ rẹ̀, òun náà ni ó ń tà á láwìn, tí yóò máa yí ká gáréèjì gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí alájọ ti ń yí ọjà ká. Epo ọkọ̀ yẹn, èrè oníṣòwò yẹn, àti ewu gbèsè tí ẹnìkan lè má san, gbogbo rẹ̀ ni ó ti wà nínú iye tí ẹ ń rí lára irinṣẹ́ náà.

Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn. Mẹkáníìkì tí a ń san owó fún lórí iye iṣẹ́ tí ó bá parí kò lè fi wákàtí méjì ṣòfò láti lọ pàrọ̀ irinṣẹ́, ọkọ̀ tí ń wá bá a sì ní iye lórí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ gáréèjì ni ó sábà ń fi owó ara rẹ̀ ra irinṣẹ́ tí yóò lò, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń ti ọdún àkọ́kọ́ iṣẹ́ wọn wọ gbèsè ọkọ̀ náà kí owó oṣù wọn tó dúró dáadáa. Rátíṣẹ́ẹ̀tì 3/8 íǹṣì ti Snap-on kọjá 100 dọ́là, ti Icon kì í sábà tó ìdajì rẹ̀, ti Pittsburgh sì kéré sí èyí gan-an. Owó ọjà kì í dúró lójú kan, nítorí náà ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe iye náà fúnra rẹ̀.

Nígbà kan, irinṣẹ́ Craftsman ni ó gba ipò àárín yìí. Sears, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1927, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni mẹkáníìkì àti onílé ti ń rà á nítorí pé ó lágbára, tí Sears sì ń pàrọ̀ èyí tí ó bá kán láìsí wàhálà. Nígbà tí Sears bẹ̀rẹ̀ sí í wó, tí ó sì ta orúkọ náà fún Stanley Black & Decker ní ọdún 2017, àyè ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè ta irinṣẹ́ gidi ní ìsọ̀ tí ó wà nítòsí. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni Icon jáde, mi ò sì rò pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀.

Irin kan náà, iná ọ̀tọ̀

Àwọn kan máa ń yí sípánà padà, tí wọ́n bá rí i pé a kọ “Chrome Vanadium” (orúkọ irin àdàlù kan) sára rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Kò yẹ kí ó balẹ̀ fún ìyẹn nìkan. A ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sára irinṣẹ́ tí a tò sórí ilẹ̀ ní ọjà, ó sì lè jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dàgbà nítòsí àgbẹ̀dẹ mọ ibi tí iṣẹ́ wà: bí a ti fi iná sí irin náà, bí ó ti pupa tó kí a tó rì í, àti bí a ti tún fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Bí ó bá le jù, yóò kán lójijì. Bí ó bá rọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ á là, á sì máa yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì títí igun nọ́ọ̀tì á fi jẹ tán. Ohun kejì ni bí a ti gé ẹnu rẹ̀ péye tó. Sípánà 10 tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ díẹ̀ kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́ lórí nọ́ọ̀tì tuntun, ṣùgbọ́n lórí nọ́ọ̀tì tí ó ti dógùn-ún, òun ni yóò sọ igun mẹ́fà di róbótó.

Níhìn-ín ni Icon ti gba owó tí wọ́n ń bù lé e. Taiwan ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyẹn ṣe àbùkù rẹ̀, nítorí ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú ọjà GearWrench àti ti Tekton ti ń wá, àwọn méjèèjì sì ní orúkọ rere lọ́wọ́ àwọn tí ń fi irinṣẹ́ jẹun. Ọ̀nà tí Snap-on ń gbà gbẹ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó lè máa ti ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì dípò igun rẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní Flank Drive, kò sí lábẹ́ ààbò òfin fún wọn nìkan mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣe irú rẹ̀ báyìí. Ìyàtọ̀ tí ó kù kéré, ṣùgbọ́n ó wà: sípánà Snap-on sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, a sì ti gbẹ́ ilà sí inú ẹnu àwọn kan nínú rẹ̀ kí ó lè di nọ́ọ̀tì mú. Ní àárín ẹ́ńjìnnì tí ọwọ́ kò ti ráyè, tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kí a tú nọ́ọ̀tì kan àti kí a kọ́kọ́ tú nǹkan mẹ́rin mìíràn kúrò níwájú rẹ̀.

Wáráńtì tí kò sọ nǹkan púpọ̀

Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé wáráńtì ayérayé tí Harbor Freight fi sórí irinṣẹ́ ọwọ́ Icon, òun náà ni ó fi sórí Quinn àti Pittsburgh. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì Pittsburgh bá sán, ẹ ó gbé e lọ, wọn á fún yín ní òmíràn. Ẹni tí ó bá wá ra Icon nítorí wáráńtì ti fi owó ra ohun tí ó lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ ń san owó Icon fún ni pé kí ó má kán ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí ọkọ̀ oníbàárà ti wà lókè, epo ti tú jáde, tí oníbàárà sì jókòó ń wò yín.

Ọ̀nà tí a gbà ń pàrọ̀ tún yàtọ̀. Ilé ìtajà náà ń ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú, ẹ kò sì ní dúró di ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ó wakọ̀ lọ, irú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí pẹpẹ ní ọjọ́ náà. Tekton ń gba àwòrán irinṣẹ́ tí ó kán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí ilé yín. Ní tèmi, ètò yẹn ni ó rọrùn jù nínú gbogbo wọn. Torque wrench, sípánà tí ń wọn bí a ti fún nọ́ọ̀tì le tó, kì í sí lábẹ́ wáráńtì ayérayé yìí bákan náà, nítorí náà ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Èyí tí ó yẹ kí ẹ rà, àti èyí tí kò yẹ

Rátíṣẹ́ẹ̀tì ni mo máa kọ́kọ́ fi owó Icon rà. Eyín 90 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé bí a bá yí ìdìmú rẹ̀ ní dígírì 4 péré, yóò ti gbá eyín tí ó kàn. Rátíṣẹ́ẹ̀tì eyín 72 ń fẹ́ dígírì 5, Snap-on eyín 80 tí ó lókìkí ń fẹ́ dígírì 4 àti ààbọ̀, rátíṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ eyín 36 sì ń fẹ́ 10. Lórí tábìlì, kò sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ náà. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ìdìmú kò ti lè rìn ju ìka kan lọ, dígírì 10 túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí iye eyín nìkan tàn yín jẹ, nítorí bí eyín bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéré sí i, ohun tí ń gbé agbára náà dúró sì ni bí ahọ́n tí ń gbá wọn ti fẹ̀ tó, tí ó ń di eyín púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Rátíṣẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí ó ń fi eyín púpọ̀ yangàn ni ó sábà máa ń fò lábẹ́ agbára, ìka ọwọ́ ni ó sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ yí Icon àti Quinn lẹ́ẹ̀kan náà ní ìsọ̀, kí ẹ fetí sí ìró wọn, kí ẹ sì fi ìka kan ti orí wọn padà: èyí tí ó bá yí padà láìfa nọ́ọ̀tì lẹ́yìn ni ó dára jù.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni sípánà tí a fi ń tú páìpù bíréèkì, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òrùka ṣùgbọ́n tí a gé ojú rẹ̀ díẹ̀ kí páìpù lè gbà á kọjá. Nọ́ọ̀tì páìpù bíréèkì máa ń rọ̀, ó sì tètè ń jẹ. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò péye yóò sọ iṣẹ́ díẹ̀ di pípàrọ̀ odindi páìpù. Ẹ má ṣe ṣahun lórí èyí.

Ní ti sípánà olójú méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òrùka ní ìdí kan, ẹnu ṣíṣí ní ìdí kejì, Quinn tó fún ẹni tí kì í lò ó lójoojúmọ́. Icon dán ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gùn díẹ̀, ó sì rọrùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí onílé fi gbọ́dọ̀ san ìyàtọ̀ náà.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú. Kí ẹ kọ́kọ́ yan onígun mẹ́fà dípò onígun méjìlá, nítorí onígun mẹ́fà kì í tètè jẹ nọ́ọ̀tì, orúkọ yòówù kí a kọ sí i. Èkejì ni pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń dán, tí a fi chrome bò, kò gbọ́dọ̀ dé orí ẹ̀rọ impact, èyí tí ń fi ìlù tú nọ́ọ̀tì. Ó le ju bí ó ti yẹ fún ìlù yẹn lọ, ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ sì lè bọ́ sójú. Àwọn dúdú tí a ṣe fún ẹ̀rọ náà rọ̀ díẹ̀, ara wọn sì nípọn. Ní ti àwọn wọ̀nyí, Pittsburgh pàápàá ń gbìyànjú púpọ̀, ẹni tí ń tú táyà nìkan kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Pílásì ni mo máa kúrò ní ilé ìtajà náà fún. Knipex ti Jámánì, tí ó ti ń ṣe pílásì ní Wuppertal láti ọdún 1882, kò gbówó lórí bí ti Snap-on, oríṣi Cobra rẹ̀ sì ń di páìpù mú láìyọ̀ bí a tilẹ̀ jọ̀wọ́ ìdìmú rẹ̀ díẹ̀. Icon àti Doyle, tí í ṣe orúkọ mìíràn ní Harbor Freight, ní èyí tí ó jọ ọ́. Wọn kò burú. Ṣùgbọ́n níbi tí ojúlówó fúnra rẹ̀ kò ti wọ́n, kí ni a fẹ́ fi èyí tí ó jọ ọ́ ṣe?

Hámà, irin gígùn tí a fi ń ṣẹ́ nǹkan, àti ìdìmú tí a fi ń mú rátíṣẹ́ẹ̀tì gùn: Pittsburgh.

Súkúdiráfà ní ìkìlọ̀ kan tí àwọn tí ń tún Toyota àti Honda ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀. Sukúrù tí ó ní àgbélébùú lórí ọkọ̀ Japan àtijọ́ àti alùpùpù kì í ṣe irú ti Amẹ́ríkà gan-an, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Ẹnu tí a ṣe fún ti Amẹ́ríkà máa ń yọ jáde kúrò nínú rẹ̀, á sì jẹ ẹ́. Ẹ wá èyí tí a kọ JIS (ìlànà ìwọ̀n ti Japan) sí. Súkúdiráfà tí ó ga lówó jù lọ tí kò ní ẹnu tí ó yẹ kò sàn ju ti Pittsburgh lọ níbi iṣẹ́ yìí.

Torque wrench ni ó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ń dún “kà” ń ṣèlérí pé òun kò ní ṣì ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nọ́ọ̀tì táyà Toyota Corolla ń fẹ́ 103 Nm (Nm ni a fi ń wọn agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì). Ìdá 4 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4 Nm, kò sì sí ewu nínú ìyẹn. Fún táyà, olówó pọ́ọ́kú tó. Fún orí ẹ́ńjìnnì, ẹ ra ti Icon tàbí èyí tí ó ga jù ú lọ, kí ẹ máa dá a padà sí iye tí ó kéré jù lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún tàbí lẹ́yìn ìlò 5,000, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé.

Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí

Ọ̀pọ̀ wa ní Houston, Maryland àti Atlanta ni ó ń ra irinṣẹ́ sínú kọ̀ǹténà fún bùrọ̀dá, àbúrò tàbí ọmọ iṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ládípọ̀ tàbí ní Ìbàdàn. Ìṣirò wọn yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tí ó wà níbí. Kò sí Harbor Freight ní Mushin, kò sì sí ọkọ̀ Snap-on tí yóò wá síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wáráńtì ayérayé náà parí ní ọjọ́ tí a ti ìlẹ̀kùn kọ̀ǹténà. Nítorí náà irin nìkan ni ẹ ń rà. Pittsburgh, tí mo ti yìn lókè nítorí pé a lè pàrọ̀ rẹ̀, pàdánù ìdí tí a fi ń rà á, Icon sì di ẹni tí ó yẹ lórí ohun púpọ̀ ju bí ó ti rí fún onílé ní Amẹ́ríkà. Ní ìdàkejì, Snap-on di èyí tí kò bọ́gbọ́n mu rárá, nítorí pé ẹ ń san owó ọkọ̀ tí kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni irinṣẹ́ náà láéláé. Ohun kan ṣoṣo tí mo yọ sílẹ̀ ni Snap-on àlòkù tí ẹ bá rí rà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ó fẹ̀yìn tì: ẹni yẹn ti san owó ọkọ̀ fún yín.

Kí ẹ sì kíyè sí ìwọ̀n. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ inú àpótí tí a ń tà ní Amẹ́ríkà ni a ṣe ní ìwọ̀n íǹṣì, tí kò wúlò fún ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó pọ̀ jù lójú pópó wa. Toyota ń fẹ́ 8, 10, 12, 14, 17 àti 19 mìlímítà, pẹ̀lú 21 fún nọ́ọ̀tì táyà. Ti táyà Honda jẹ́ 19. Ẹni tí ń tún ọkọ̀ Jámánì ṣe yóò fi 13, 15, 16 àti 18 kún un. Ó sàn kí ẹ fi owó àpótí ńlá kan ra àwọn mìlímítà wọ̀nyí nìkan nínú Icon, kí ẹ sì ra 10 ní mẹ́ta, nítorí òun ni ó máa ń sọnù ṣáájú gbogbo wọn ní gáréèjì gbogbo tí mo mọ̀.

Àwọn tí ó wà ní Britain kò ní Harbor Freight. Halfords Advanced ni ó jọ ọ́ jù níbẹ̀: ilé ìtajà tí ó wà nítòsí, wáráńtì ayérayé, àti owó tí ń lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dínwó. Ohun tí mo sọ nípa rátíṣẹ́ẹ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà àti pílásì kan wọn pẹ̀lú.

Ẹ ka ìsàlẹ̀ kúpọ́ọ̀nù kí ẹ tó lọ, nítorí pé ó máa ń yọ àwọn orúkọ kan sílẹ̀, Icon sì sábà máa ń wà lára wọn. Ọjọ́ tí ilé ìtajà fúnra rẹ̀ bá dín owó Icon ni kí ẹ dúró dè. Kí ẹ sì mú nọ́ọ̀tì 10 tuntun kan dání lọ. Ẹ fi sínú ẹnu sípánà tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì: bí ó bá ń mì kí ó tó di mú, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ, kí ẹ mú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò.